Ìwé Kan Ní Í Mú Wa Dé Ọ̀dọ̀ Èkejì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olùkọ́, òbí àti ọ̀dọ́ sọ ní Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kí yín kú ìjókòó. Òkun o, bí àwa ará ilẹ̀ Òkun ṣe ń kí ara wa! Mo kí àwọn tó ti Ìsánlú àti Mọ̀pà wá, mo kí àwọn ará Ìyàrà, mo sì kí ẹ̀yin onílé tí ẹ gbà wá lálejò. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí ènìyàn ṣe lè sọ ìwé kíkà di ara ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́, láìjẹ́ pé ìdánwò kankan wà níwájú. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi gan-an ni. Bí ẹnikẹ́ni bá dá mi dúró lójú ọ̀nà ọjà láti bi mí nípa ìwé, ẹ̀fọ́ ọwọ́ mi lè rọ kí n tó dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣètò ìwé kíkà bí ẹni tó ń san gbèsè. Bí ọdún tuntun bá wọlé, a ó jókòó, a ó kọ orúkọ ìwé ogún tàbí ọgbọ̀n sílẹ̀: ìwé tí wọ́n ní ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ kà, ìwé tí ẹlòmíràn ń yìn, ìwé tó nípọn tí yóò jẹ́ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún wa bó bá rí i lórí tábìlì. Kó tó di oṣù kẹta, a ti dúró sí àárín ìwé àkọ́kọ́. Ojú ń tì wá, la bá pa gbogbo rẹ̀ tì. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì wá sọ fún yín lónìí, ni pé ètò tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré, tó bá ọjọ́ tí a ní mu, tó sì jẹ́ pé ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ ni yóò yan ìwé tó kàn fún wa. Ìfẹ́ ni kó máa ṣáájú. Àkọsílẹ̀ orúkọ ìwé á tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwọ̀n ná. Ẹni tó bá ń ka ojúewé 10 lójúmọ́ yóò ti ka 3,650 kí ọdún tó yípo. Bí ìwé kan bá ní ojúewé 200, ìwé 18 nìyẹn, ó sì tún ṣẹ́kù díẹ̀. Àkókò tí a fi ń dúró kí mọ́tò Lọ́kọ́jà kún ní gáréèjì máa ń tó ojúewé mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó tó ogún. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ irú ètò yìí tipẹ́. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Ẹni tó bá ń ka orí mẹ́rin lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Májẹ̀mú Tuntun nìkan ní orí 260. Bí a bá ka orí kan lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, tí a sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 gbé e dé òpin pérépéré. Àwọn Mùsùlùmí wa náà mọ̀ pé ọ̀nà 30 ni a pín Al-Kùránì sí, tí ẹni tó bá fẹ́ fi lè kà á parí láàárín oṣù Ràmàdáánì. Àwọn tó pín in bẹ́ẹ̀ mọ ènìyàn, wọ́n mọ bí agbára wa ṣe mọ.

Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dùn mí bí ẹni tó ti ń ka orí kan lárààárọ̀ láti ìgbà èwe bá sọ fún mi pé òun kò ní sùúrù ìwé. Sùúrù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì fi bá irú ìwé mìíràn lò ni.

Díẹ̀díẹ̀ kì í sì í ṣe àṣà àjèjì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún wa. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó ń jáde, wọ́n ń kà á, wọ́n á tún máa retí òmíràn. Nígbà tó di ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ìlú Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá ló ń kọ ọ́, obìnrin tó ti jẹ ayé gan-an, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, tó ń ka ìtàn ayé ara rẹ̀ fún aráyé gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, àwọn ènìyàn ń retí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé obìnrin gidi ni. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo lẹ́tà náà! Ọdún 1930 ló kó wọn jọ sínú ìwé kan. Mo sábà máa ń ronú nípa àwọn tó kọ́kọ́ kà á, bí wọ́n á ṣe máa jiyàn láàárín ọ̀sẹ̀ lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i, tí wọ́n á máa ṣàánú rẹ̀, tí àwọn mìíràn á máa bú u. Ìwé tí a kà tán lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo kì í fún ènìyàn ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, kò sọ ìtàn rẹ̀ tán ní ìjókòó kan. Ó ń wá, ó ń sọ, ó ń dìde lọ, ó sì ń padà wá ní ọjọ́ kejì. Bó bá sì padà dé, èrò tó ń dúró dè é á ti pọ̀ ju ti àná lọ, nítorí pé àwọn tó gbọ́ ti lọ sọ fún àwọn tí kò gbọ́. Akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọ ọ́. Nígbà èwe mi, iwin àti ẹbọra inú igbó náà ló gbà mí lọ́kàn, bó ṣe ń gba gbogbo ọmọdé lọ́kàn. Nígbà tí mo dàgbà tí mo tún un kà, àwọn èrò tó jókòó yẹn ni mo ń wò. Fágúnwà ti fi bí òun ṣe fẹ́ kí a ka ìwé òun hàn nínú ìwé náà fúnra rẹ̀: kí a pé jọ, kí a gbọ́ díẹ̀, kí a lọ sùn lé e lórí, kí a sì padà wá pẹ̀lú ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

Ní ti ọjọ́ wa níhìn-ín, a mọ bó ṣe rí. Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin tí kajú ń já bọ́, ẹni tó bá ní oko kajú kò ráyè jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣètò láti ka ìwé ńlá ní àkókò yẹn. Ewì ni kó mú dání, nítorí pé ewì kan kì í gbà ju ojúewé kan tàbí méjì lọ, ènìyàn sì lè máa tún un sọ lẹ́nu títí yóò fi dé abẹ́ igi tó kàn. Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn tí J. F. Ọdúnjọ ṣe dára fún ìgbà náà. Nígbà òjò, tí ọ̀nà oko bá yọ̀, tí òjò ọ̀sán bá ká wa mọ́lé, ìgbà náà ni ìwé ńlá. Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tó jáde ní 1969, ìwé àsìkò òjò gidi ni lójú tèmi, nítorí pé kò yẹ kí a fi ìkánjú kà á. Nígbà ọyẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti ìlú ńlá wálé fún ọdún, ìwé tí a lè kà sókè fún gbogbo ilé ló tọ́.

Ìwé mẹ́ta ló máa ń wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn àròsọ, ọ̀kan jẹ́ ti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀kan jẹ́ ewì. Bí àárẹ̀ bá mú mi lára ọ̀kan, mo bọ́ sínú èkejì. Ìwé ìtàn àròsọ ni mo ń gbé sẹ́bàá ibùsùn, èyí tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń kà láàárọ̀ kí n tó jáde, ewì wà nínú àpò mi. Bí kò bá sí iná, tọ́ọ̀ṣì wà. Ẹni tó bá ń lo fóònù náà lè kà á dáadáa, ìmọ̀ràn mi kan ṣoṣo ni pé kó pa dátà ná, nítorí kò sí ìwé tó lè bá ìró wọsáàpù jà. Mo mọ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tó máa ń fi ìwé ìtàn ọ̀daràn ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sẹ́gbẹ̀ẹ́ múdù rẹ̀. Bí oníbàárà bá lọ, á ṣí i, bí oníbàárà bá dé, á fi ewé kan há àárín rẹ̀. Ó máa ń bínú díẹ̀ bí oníbàárà bá dé níbi tí Lápàdé, akọni inú ìwé náà, ti ń lé ọ̀daràn lọ. Ìyá yẹn ni òǹkàwé tí mo ń bọ̀wọ̀ fún jù ní gbogbo ọjà náà.

Wàyí o, bí ìwé kan ṣe ń mú ni dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Ibí yìí ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà fún mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Gbogbo wa la ti dúró ní Lọ́kọ́jà rí, tí a wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n gba odò náà gòkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan wà lára àwọn tó bá wọn wá, Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá, ọba Ígálà, nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, kí wọ́n fi dá oko àwòkọ́ṣe. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko náà kò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n Crowther àti J. F. Schön, míṣọ́nnárì tí wọ́n jọ wà nínú ìrìnàjò náà, kọ ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1842. Ní 1854, Crowther tún bá William Baikie gun odò yìí nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Pleiad. Wọ́n ń lo kuníìnì, oògùn ibà, lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Crowther tẹ ìwé tirẹ̀ nípa ìrìnàjò náà jáde ní 1855, Baikie tẹ tirẹ̀ ní 1856.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọkọ̀ kan náà ni, odò kan náà ni, ọdún kan náà ni, ìwé méjì ló jáde. Ọ̀kan jẹ́ ti òyìnbó tó ń wá ọ̀nà omi, èkejì jẹ́ ti ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tà rí, tó wá ń wo ilẹ̀ tó sún mọ́ ilé rẹ̀ láti orí ọkọ̀ òyìnbó. Ẹ ka ojúewé mẹ́wàá nínú ọ̀kan, kí ẹ ka mẹ́wàá nínú èkejì. Àwọn ìwé náà ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí wọn mọ́, wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ka ìwọ̀nyí tó wá ṣí Bíbélì Yorùbá, á rí i pé ọwọ́ kan náà ló wà níbẹ̀. Crowther ti tẹ Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, òun àti àwọn mìíràn sì ṣiṣẹ́ náà títí Bíbélì fi pé lódindi ní 1884.

Ìbéèrè tó kàn á yọjú fúnra rẹ̀: ta ló kó ọmọ Ọ̀ṣoògùn lẹ́rú, kí ló dé tí ogun fi gba gbogbo ilẹ̀ náà kan? Ìbéèrè yẹn ló ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, tó kọ The History of the Yorubas. Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pàápàá, ẹ gbọ́ ohun tí ojú ìwé náà rí. Johnson kọ ọ́ parí ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà, wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì tún fi ránṣẹ́, ogun àgbáyé kìíní ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ tó gbé e, Appam, lórí omi ní 1916, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé náà tó dé Lọ́ndọ́nù, ó sì di 1921 kí ó tó jáde. Mo ń bẹ̀ yín, ẹni tó bá mọ èyí, ṣé ó lè gbé ìwé náà dání kó má fi ọ̀wọ̀ ṣí i? Ó nípọn o. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojúewé àkọ́kọ́ kí ẹ máa fi tipátipá lọ. Ẹ lọ síbi tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń tú, kí ẹ kà á ní ojúewé mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bó bá ti mú yín lọ́kàn, ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fúnra yín.

Ọ̀yọ́ ni ojú Johnson wà. Ọmọ Owé, ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Búnú àti ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, àwa Òkun, tó bá kà á tán á béèrè pé, àwa ńkọ́? Ìdáhùn kan wà lọ́dọ̀ ọmọ wa, Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Ìfẹ́-Ìjùmú, onímọ̀ ìtàn àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Ó kọ orí kan sínú ìwé History of West Africa tí J. F. Ade Ajayi àti Michael Crowder ṣe olóòtú rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti fi ilẹ̀ wa ṣe àpẹẹrẹ bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ní ìlú kéékèèké, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣàkóso ara rẹ̀, kí àwọn ọba ńlá tó gbòde. Ohun tí àwọn kan ń fojú kéré, pé a kò ní ààfin ńlá bíi ti Ọ̀yọ́, Ọbáyẹmí sọ ọ́ di ohun tí onímọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó lè lóye ìtàn Yorùbá àtijọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, mo sì fẹ́ kí inú àwọn ọmọ wa náà dùn.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ló kù dé Cloth That Does Not Die, ìwé tí Elisha Renne tẹ̀ jáde ní 1995 lórí aṣọ ní ilẹ̀ Búnú. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà ni, ó wá bá àwọn ìyá wa jókòó ti òfì wọn. Ó kọ nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn àgbà, ó sì kọ nípa aṣọ tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ hun aṣọ rí, kó ka ìwé yìí, kó sì gbé ìbéèrè lọ bá àwọn àgbà obìnrin tó kù nílé. Bí owó mọ́tò bá wà, kó lọ sí Ògìdì, ìlú Níkẹ̀ẹ́ Ọ̀kúndayé, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aṣọ, kó lọ wo àwọn tó ṣì ń hun ún níbẹ̀. Ẹ ò rí i? A ti Lọ́kọ́jà gbéra lọ́dún 1841, ìwé ló ń fà wá lọ́wọ́ títí a fi dé ẹ̀yìnkùlé ara wa, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Fágúnwà lè mú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968, kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá, kó máa wo bí wọ́n ṣe yanjú gbólóhùn kan náà. Ó lè yí i padà: kó mú Aké ti Ṣóyínká ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì mú èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tú sí Yorùbá. Èyí kejì yìí dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń gbàgbé pé Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ jẹ́.

Ẹnìkan á ní, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tí kò dùn mọ́ mi ńkọ́? Pa á dé. Kò sí òfin tó ní ká parí gbogbo ìwé. Fún un ní ojúewé 50, bí kò bá bá ọ sọ̀rọ̀, gbé e padà sórí pákó láì bínú sí i. Ìwé kan wà tí kò wọ̀ mí létí nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó wá ń pa mí lẹ́kún lẹ́yìn tí mo bímọ. Ohun tí mo kórìíra ni kí àwa olùkọ́ máa fi ìwé jẹ ọmọ níyà, ká ní kó lọ ka orí kan nítorí pé ó pariwo. Ọmọ tí a bá fi ìwé jẹ níyà á sá fún ìwé, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un lórí kíkà sókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé Yorùbá tó wà ní ilé àwọn bàbá wa ni wọ́n tẹ̀ kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ẹ ó rí «aiye», ẹ ó rí «enia», ẹ ó sì rí ojúewé tí kò ní àmì ohùn rárá. Ọmọ tó bá fojú nìkan kà á á sọ pé kò yé òun. Kó kà á sókè. Etí rẹ̀ á mú ohun tí ojú rẹ̀ pàdánù. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ nínú ilé á sì bá a tún un ṣe, wọn á sọ pé, «Rárá, ọmọ mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é», wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Owé tàbí ní Yàgbà. Kí ọmọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá inú ìwé kì í ṣe ti ilé wa gan-an, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìtàn tí ìyá àgbà ń sọ ní ẹ̀ka èdè wa kò sì sí nínú ìwé púpọ̀. Kí ọmọ tó ń kàwé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtọ́jú ìwé náà ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ tiwa, nítorí ikán. Ẹ má fi ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí pákó ìwé fara kan ògiri. Ẹ máa gbé àwọn ìwé náà kúrò láyè wọn lóòrèkóòrè, kí ẹ gbọn ekuru wọn, kí ẹ ṣí wọn sí atẹ́gùn nígbà ọyẹ́, nítorí ọ̀rinrin òjò máa ń mú kí ewé ìwé rùn kó sì lẹ̀ mọ́ ara. Káfúrà dára láàárín wọn. Bí ẹ bá sì yá ènìyàn ní ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni náà, orúkọ ìwé àti ọjọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe àìfọkàntán. Ó ń ran àwa méjèèjì lọ́wọ́ láti rántí.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ìyá kan dìde, ó bi mí pé, «Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́tàlá, bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀, kò sí ìwé tí mo gbé fún un tí kò jù sílẹ̀. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?» Èsì mi ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1969. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ni Lápàdé. Òun àti Tàfá Ìgìripá ló ń lépa ọ̀daràn, eré sísá, ìjà àti ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ìyá náà má sọ fún un pé ìwé dára fún ọpọlọ. Kó ka orí àkọ́kọ́ sókè fún un lálẹ́, kó dúró níbi tó gbóná jù, kó sì sọ pé àárẹ̀ ti mú òun. Kó fi ìwé náà síbi tí ọwọ́ ọmọ náà lè tó, kó lọ sùn. Bó bá parí rẹ̀, Àgbàlagbà Akàn ló kàn, Lápàdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tún béèrè pé kí ni ẹni tí kò lówó ìwé yóò ṣe. Mo ní kí ènìyàn mẹ́rin da owó ìwé kan pọ̀, kí oníkálukú ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, kí wọ́n máa pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lóṣù láti jiyàn lórí rẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n lọ wo inú àpótí ìwé ní ilé àwọn bàbá àgbà wọn kí ikán tó débẹ̀. Mo kó ìwé díẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, mo tò wọ́n sórí tábìlì níwájú, mo sì fi ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò tì wọ́n. Ìwé Johnson ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ló mú un. Ó ní láti ibi tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń tú lòun ó ti bẹ̀rẹ̀.